Ràdíátù Onítapólì àti Ẹ̀gbà Kẹtàdínlógún

Ní Ajégúnlẹ̀ wa yìí, kò sí ohun tí àwọn ará yunifásítì ò tíì gbà lára wa tán. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti gba ìtọ̀, wọ́n ti gé irun orí. Àwọn kan wá lọ́jọ́ kan, ẹrẹ̀ inú gọ́tà ni wọ́n ń bù sínú ìgò kéékèèké, wọ́n ń lẹ orúkọ mọ́ ìgò lára bí ẹni tó ń sọmọ lórúkọ. Àwọn mìíràn fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ka ọmọńlé ara ògiri wa, àwa tí a ò mọ iye èèyàn tó ń gbé nínú ilé wa gan-an. Gbogbo wọn ló ń béèrè ìbéèrè ọgọ́rin, gbogbo wọn ló ń fún wa ní ọṣẹ kan àti báírò kan, bí wọ́n bá sì ti lọ, ó dìgbóṣe. Báírò ọ̀hún kì í kọ̀wé. Ọṣẹ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Ràdíátù fún yín, torí inú ṣì ń bí mi.

Tapólì ni Ràdíátù ń rán. Tapólì ni aṣọ líle tí àwọn awakọ̀ tírélà fi ń bo ẹrù wọn kí òjò má bàa pa á. Bó bá ti ya, ọ̀dọ̀ Ràdíátù ni wọ́n ń gbé e wá. Yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́bàá títì, yóò jókòó lé e lórí, yóò yọ abẹ́rẹ́ tó gùn ju ìka lọ, yóò sì máa rán an láàárín táyà àti táyà láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, nílé àwọn tó ń hun òfì. Ó máa ń fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé, "Bàbá mi hun aṣọ fún ọba, èmi ń lẹ aṣọ fún àpò ìrẹsì. Aṣọ kúkú laṣọ ń jẹ́." Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ ríran ju ti ọmọ ogún ọdún lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, bàbá Ganiyat ọmọ wọn, ń jẹ́ Mùnírù. Ọgbọ̀n ọdún ni Mùnírù fi ru ẹrù ní wáàfù Àpápá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n nígbà náà, ẹ mọ̀ pé àpò sìmẹ́ǹtì méjì ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan, á tún máa súfèé. Ẹ wá wò ó lónìí: èémí ara rẹ̀ ti wúwo jù fún un láti gbé. Ikọ́ fée ló ń bá a jà. Bó bá mí, àyà rẹ̀ á máa dún fíì, fíì, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Ìjókòó ló fi ń sùn, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé ìrọ̀rí lé orúnkún. Dókítà fún un ní oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu, ó wá sọ fún Ràdíátù pé, "Mà, ẹ gbé Bàbá kúrò níbi èéfín." Ràdíátù ní, "Ẹ ṣeun, sà." Nígbà tó jáde tán, ó ní, "Kí n gbé e lọ síbo? Sórí igi?"

Èéfín ọ̀hún, ojú fèrèsé wọn gan-an ló wà. Àwọn tírélà tó ń dúró de àyè láti wọ pọ́ọ̀tù máa ń tò sójú títì wa fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, wọn kì í sì í pa ẹ́ńjìnnì. Ihò sàláńsà tí èéfín ń gbà jáde, àfi bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n, fèrèsé Mùnírù ló ń dojú kọ. Ràdíátù ò lè ní kí tírélà má wá, torí lára tírélà ló ti ń jẹun. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: bí wọ́n bá ti dúró, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì.

Ó tọ Ovie lọ. Ovie ni olórí àwọn awakọ̀ tó ń tò sí òpópónà wa, ọkùnrin gàgàrà kan tó ń fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́rùn tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ó gbọ́ ẹjọ́ Ràdíátù dé òpin, torí ó máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

"Mama, I dey hear you," ló wí. "But battery don weak; if e off, e go hard to start. If I tell driver make e off engine, e go ask me, who talk am? Bring paper. Paper wey book people sign. I go off all of them."

Ìwé. Ìwé tí àwọn onímọ̀ bu ọwọ́ lù. Láti ọjọ́ náà, ohun tí Ràdíátù ń wá láyé kò ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, nígbà tí Ṣèyí gbé báàgì wọ àdúgbò, Ràdíátù ló kọ́kọ́ gbé àga fún un. Ọmọ yunifásítì ni Ṣèyí, ó ń wá oyè kejì lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Pùròfẹ́sọ̀ Ọmọ́lẹ́yẹ. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀ kí èèyàn ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó jọ ẹni tí kò tíì jẹun láti ìgbà ìdánwò. Ó kó ogójì obìnrin jọ síwájú ilé, ó sì yọ ogójì ẹ̀gbà ọwọ́. Rọ́bà ni, funfun nini, nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin ìyá mi," Ṣèyí ní, "afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ ń mí símú, ẹ̀gbà yìí á máa fà á mu. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méje, ẹ fi ṣiṣẹ́, ẹ fi dáná, ẹ fi sùn. Ẹ má fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà a ó gbà á padà, ẹ̀rọ á ka ohun tó wà nínú rẹ̀, Pùròfẹ́sọ̀ á sì kọ ìwé sí àwọn tó yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá, ó wọ́n gógó. Kí ọ̀kankan má sọnù o."

Ogójì obìnrin dáhùn pé àwọn ti gbọ́. Wọ́n sì gbọ́ lóòótọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ohun àlejò ni, ó wọ́n, wọ́n á gbà á padà.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọmọ ilé ire ṣe ń ṣe sí ohun àyálò. Bí aládùúgbò bá fi abọ́ gbé oúnjẹ wá fún ẹ, ṣé wàá dá abọ́ rẹ̀ padà láìfọ̀? Ká wá ya ẹ̀gbà lọ́wọ́ yunifásítì, ẹ̀gbà funfun nini, ká fi lọ ata, ká fi gbé ìkòkò, ká wá dá a padà ní dúdú kírikíri? Kí wọ́n máa sọ lọ́hùn-ún pé ọ̀bùn làwọn ará Ajégúnlẹ̀? Ó tì o! Onyinyechi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Inú ilé kan náà lòun àti Ràdíátù ń gbé, yàrá tirẹ̀ wà lẹ́yìn. Aṣọ òkìrìkà ló ń tà, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti àwa tí a ti òkè wá lọ.

"Ẹ jẹ́ ká wọ̀ ọ́ ya fọ́tò, ká sì fi pa mọ́," ló ní. "Bó bá di ọjọ́ keje, a ó tún wọ̀ ọ́ dè wọ́n."

Àwọn obìnrin ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Kálukú wọlé, ó ṣí àpótí tó ń kó léèsì Iléyà tàbí ti Kérésì sí, ó ki ẹ̀gbà bọ àárín aṣọ, ó pa á dé. Ẹ sì mọ ohun tó ń wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀: káńfọ̀. Àwọn róbótó funfun wọ̀nyẹn tí à ń fi lé kòkòrò kúrò nínú aṣọ, tó jẹ́ pé bí ìyá àgbà bá ṣí àpótí rẹ̀, ará ilé kejì á sín. Ti Onyinyechi ló pọ̀ jù, torí òkìrìkà tó ń tà. Àpótí tirẹ̀ nìkan gba ẹ̀gbà mọ́kànlá, torí àwọn tí àpótí wọn kò ní kọ́kọ́rọ́ kó tiwọn wá fún un.

Ràdíátù nìkan ni kò fi tirẹ̀ pa mọ́. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ló kàn án. Ó wọ̀ ọ́ rán tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà, ó wọ̀ ọ́ dáná, ó wọ̀ ọ́ pọn omi, òun náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn Mùnírù nígbà tí ikọ́ bá dé. Nígbà mìíràn á na ọwọ́ sẹ́nu sàláńsà, á ní, "Mu ún. Mu ún dáadáa, kí wọ́n lè rí i." Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbà ti dúdú. Onyinyechi rí i, ó figbe ta.

"Mama Ganiyat! Ẹ fẹ́ dójú tì wá ni? Ẹ wo ohun olóhun!"

"Wọ́n ní ká wọ̀ ọ́."

"Wọ́n ní ká wọ̀ ọ́, wọ́n ò ní ká bà á jẹ́!"

Ojú ti Ràdíátù, kí n má purọ́. Ó ti na ọwọ́ sí ọṣẹ nígbà tí Mùnírù bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ nínú yàrá. Ó fi ọṣẹ sílẹ̀.

Ọjọ́ keje pé, Ṣèyí padà wá. Ẹ̀gbà mọ́kàndínlógójì mọ́ tónítóní, wọ́n ń dán. Ọmọ náà gbé ọ̀kan sún mọ́ imú, ó dúró díẹ̀, ó tún gbé òmíràn. Ó wo ojú Onyinyechi. Onyinyechi ń wo wáyà iná lókè. Ṣèyí kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, ó sì fún kálukú ní ọṣẹ kan.

Oṣù márùn-ún kọjá. Lójoojúmọ́ tí Ràdíátù bá ti ẹnu iṣẹ́ dé, ohun tí Mùnírù ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ìyá Ganiyat, ìwé dà?" Òun náà á ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Egungun ọrùn Mùnírù ti ń yọ síta, ìrọ̀rí orí orúnkún rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Wọ́n wá pe ìpàdé. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kékeré kan nítòsí wa ni wọ́n ti ṣe é, Pùròfẹ́sọ̀ Ọmọ́lẹ́yẹ sì wá fúnra rẹ̀ nínú jíìpù dúdú kan. Dírẹ́bà rẹ̀ ò pa ẹ́ńjìnnì jíìpù náà títí ìpàdé fi parí, kí inú rẹ̀ lè máa tutù de ọ̀gá. Pùròfẹ́sọ̀ jẹ́ ọkùnrin dídán, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ó tan ẹ̀rọ kan, ìlà pupa mọ́kàndínlógójì sì yọ gàgàrà lára ògiri.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló ní, "a ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Afẹ́fẹ́ àdúgbò yín kún fún ohun kan tí wọ́n ń pè ní náfítálìnì. Iye tí ẹ̀rọ wa kà, kò sí irú rẹ̀ nínú ìwé kankan, nílẹ̀ kankan. Nígbà tí mo sọ ọ́ níbi àpérò lókè òkun, ńṣe ni gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró."

Obìnrin kan béèrè pé báwo ni nǹkan ọ̀hún ṣe rí.

"Funfun ni. Òórùn rẹ̀ máa ń ta síni nímú. Ó ń pa kòkòrò. Kódà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ka kòkòrò ti jẹ́rìí sí i pé kòkòrò kì í jẹ aṣọ ní àdúgbò yìí. Ẹ̀rí tó dájú nìyẹn!"

Obìnrin mọ́kàndínlógójì ń wo ilẹ̀. Onyinyechi fa gèlè rẹ̀ bojú.

"Ẹyọ kan ṣoṣo ló fẹ́ dà á rú mọ́ wa lójú," Pùròfẹ́sọ̀ ń bá a lọ. "Nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Èéfín dísẹ́lì ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, kò jọ ti àwọn yòókù rárá. Ó hàn gbangba pé ẹni yẹn ò tẹ̀lé ìlànà. A ti yọ ọ́ dànù."

Inú bí Ràdíátù, ìbínú náà sì gbé e dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo ni kẹtàdínlógún. Mo wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méje géérégé. Mo fi sùn, mo fi ṣiṣẹ́. Èéfín tẹ́ ẹ rí yẹn, èéfín tírélà ni, òun ló ń pa ọkọ mi."

"Àwọn mọ́kàndínlógójì yòókù ńkọ́, mà?"

Ràdíátù wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì. Àwọn tí wọ́n jọ ń pín iyọ̀ ni. Ṣùgbọ́n èémí ọkọ rẹ̀ ló ń gbọ́ létí.

"Inú àpótí ni tiwọn wà, sà. Káńfọ̀ lẹ kà."

Ẹ gbọ́ ariwo! "Èmi kọ́ o!" "Mo wọ tèmi, Ọlọ́run ń gbọ́!" Onyinyechi ni ohùn rẹ̀ ròkè jù: "Mo wọ̀ ọ́ débi pé ó dápàá sí mi lọ́wọ́!" Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń dán gbinrin. Ràdíátù kọjú sí Ṣèyí. Ṣèyí ń wo bàtà rẹ̀.

Pùròfẹ́sọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín sí ọmọdé tó ní òun rí òṣùpá méjì. "Mà, ẹ má bínú. Ẹni mọ́kàndínlógójì ń sọ ohun kan, ẹnì kan ń sọ òmíràn. Ní ti ìmọ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ bá wà là ń lọ."

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n jókòó sí gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ yẹn.

"Ìwé tí ẹ ní ẹ máa kọ ńkọ́, sà?" Ràdíátù ò tíì jókòó. "Ti àwọn onítírélà?"

"Ìwádìí wa ò dárúkọ tírélà, mà. Àmọ̀ràn wa kò ju pé kí kálukú ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ tọ̀sán tòru, kí náfítálìnì lè ráyè jáde."

Wọ́n pín àwòrán fún wa láti lẹ̀ mọ́ ògiri. Obìnrin òyìnbó kan ló wà nínú rẹ̀, ó ń ṣí fèrèsé sí òkè tó kún fún koríko tútù, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún fún wa ní ọṣẹ.

Nígbà tí Ràdíátù délé, Mùnírù gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí.

"Ìwé dà?"

"Kò sí ìwé."

"Kí ni wọ́n wá fún ẹ?"

Ó na ọṣẹ sí i. Mùnírù wò ó títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà ò lọ bọ̀rọ̀. Ràdíátù di ọkọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń ṣépè fún gbogbo ẹni tó bá ti kàwé kọjá ìwé mẹ́fà.

Alága àdúgbò wa, ẹni tó fẹ́ràn àṣẹ pípa ju oúnjẹ lọ, ní fèrèsé tí òun bá rí tó wà ní títì pa, òun àti onílé ibẹ̀ ni. Gbogbo wa ṣí fèrèsé. Èéfín tó jẹ́ pé àwọn yàrá tó kọjú sí títì nìkan ló ń dà láàmú tẹ́lẹ̀ wá rí ọ̀nà wọ gbogbo ilé, ó gba iwájú, ó gba ẹ̀yìn jáde. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tó bá ojú ti bá imú. Ọmọ Onyinyechi, tí kò húkọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ní ti Mùnírù, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni ètè rẹ̀ dúdú, a sì fi kẹ̀kẹ́ gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀ kí èémí rẹ̀ tó padà. Ọjọ́ tí wọ́n dé, Ràdíátù gé tapólì tó nípọn jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn án bo fèrèsé pátápátá, ó wá lẹ obìnrin òyìnbó mọ́ ọn lára. Alága wá, ó wo tapólì, ó wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ Ràdíátù, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, ó kọjá lọ.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Ṣèyí tún dé pẹ̀lú ẹ̀gbà tuntun. Pùròfẹ́sọ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá fèrèsé ṣíṣí ti lé náfítálìnì lọ. Mọ́kàndínlógójì ló pín. Nígbà tó dé iwájú Ràdíátù, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ti yọ orúkọ yín kúrò. Wọ́n ní ẹ kì í tẹ̀lé ìlànà."

"Ọlọ́run á jẹ́ kí o ṣe àṣeyọrí, ọmọ mi," Ràdíátù fèsì, ó sì padà sídìí tapólì rẹ̀. Mi ò mọ bí àdúrà bẹ́ẹ̀ ṣe ń dùn létí ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Onyinyechi wá bá a, ó jókòó sórí tapólì láìkí i.

"Mama Ganiyat, mo purọ́ mọ́ yín."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ mi ń húkọ́."

"Mo ń gbọ́ ọ."

Onyinyechi yọ ẹ̀gbà tirẹ̀. "Ẹ bá mi wọ̀ ọ́. Bí mo bá wọ̀ ọ́ lọ sí ìsọ̀, káńfọ̀ ni yóò tún fà mu, ẹ mọ ọjà mi. Ẹ̀yin lẹ wà nídìí ọ̀rọ̀ gan-an. Bí mo bá sì ní kí n dìde sọ òótọ́ nísinsìnyí, wọ́n á yọ èmi náà dànù ni."

Ràdíátù kọ̀. Ó ní ìwà èké nìyẹn. Ó wọlé lọ rò ó fún Mùnírù, ó rò pé ọkọ òun á ti òun lẹ́yìn. Mùnírù mí fíì, ó mí fíì, kó tó dáhùn.

"Ìyá Ganiyat, ní wáàfù, bí wọn ò bá jẹ́ kí ẹrù gba géètì iwájú, a máa ń gbé e gba ti ẹ̀yìn ni. Ẹrù kan náà ni. Ìwọ ti gbé òótọ́ gba iwájú, wọ́n lé ẹ."

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin ti ń yọ́ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òmíràn á gbé omi tútù wá, òmíràn á ní òun ní kí òun wá kí Bàbá, bó bá fi máa lọ, ẹ̀gbà ti wà lórí tapólì. Ogún wà lápá ọ̀tún Ràdíátù láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, mọ́kàndínlógún wà lápá òsì. Ó wọ híjáàbù gígùn lé e lórí, ó sì jókòó láàárín tírélà fún ọjọ́ méje nínú ooru, ó ń rán tapólì. Apá rẹ̀ wúwo, awọ ara rẹ̀ ń yún un. Ovie bi í pé kí ló dé tó ń rìn bí ẹni tó di ẹrù sápá, ó ní làkúrègbé ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, kálukú yọ́ wá gba tirẹ̀, ó wọ̀ ọ́ de Ṣèyí.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn èyí, ìpàdé tún dé, jíìpù tún dé. Pùròfẹ́sọ̀ wọlé tayọ̀tayọ̀.

"Náfítálìnì ti pòórá!" ló kígbe. "Fèrèsé yín ló lé e! Àmọ́, ó ń ba ni lọ́kàn jẹ́, èéfín dísẹ́lì ti wá gba ipò rẹ̀. Ẹ sì wá wo nǹkan ìyanu: ẹ̀gbà mọ́kàndínlógójì, gbogbo wọn bára mu bí ìbejì! Láti ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ṣe ìwádìí, mi ò tíì rí àdúgbò tó mọ ìlànà tẹ̀lé tó yìí."

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Onyinyechi pàtẹ́ tirẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n fún mọ́kàndínlógójì ní ìwé ẹ̀yẹ. Wọ́n ò pe Ràdíátù, òun náà ò sì retí rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára ìwé mìíràn, èyí tí Pùròfẹ́sọ̀ bu ọwọ́ lù lójú gbogbo wa tó sì nà sí Ovie tó jókòó lẹ́yìn: ọkọ̀ tó bá dúró sí òpópónà yìí, kí ó pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ovie ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Mùnírù, ó nu ojú pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó sì ké sí àwọn awakọ̀: "Off am! All of una, off am!" Ẹ́ńjìnnì ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin rẹ̀. Ràdíátù kọ́kọ́ rò pé etí òun ló di.

Ṣèyí sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ọ̀rá kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbà dúdú kan wà nínú rẹ̀.

"Kẹtàdínlógún nìyí, mà. Wọ́n ní kí n jù ú nù, mi ò lè jù ú." Omi ti lé sí i lójú. "Mo gbóòórùn káńfọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbà wọ́n."

"Mo rí ẹ."

"Mi ò lè sọ ọ́, mà. Ìwé ẹ̀rí mi ni mò ń wá."

"Èmi náà, ìwé ni mò ń wá," Ràdíátù wí. Ó gba ọ̀rá náà, ó fọwọ́ kan èjìká ọmọ náà, ó wọlé.

Ó ká tapólì kúrò lójú fèrèsé. Mùnírù ò béèrè ìwé lọ́jọ́ náà. Ó gbé ìrọ̀rí kúrò lórí orúnkún, ó fi sí orí ẹní, ó rọra fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò gba ilẹ̀ gbọ́. Ó na ẹsẹ̀. Ràdíátù jókòó tì í, ó ń gbọ́ èémí rẹ̀. Oorun ti ń gbé e lọ nígbà tí àyà rẹ̀ tún dún fíì.

Ẹ́ńjìnnì kan ṣì ń dún níta.

Ràdíátù jáde. Jíìpù dúdú Pùròfẹ́sọ̀ ló ti wá dúró sábẹ́ fèrèsé, sàláńsà rẹ̀ ń tú èéfín sí yàrá, gíláàsì rẹ̀ wà ní títì pa. Ọ̀gá ṣì ń ya fọ́tò pẹ̀lú alága lókè òpópónà lọ́hùn-ún. Ràdíátù kan gíláàsì. Dírẹ́bà sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù sì fẹ́ lu Ràdíátù lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì."

"Ha, Ìyá. Ọ̀gá ò fẹ́ ooru. Ta ló ní kí n pa á?"

Ràdíátù na ìka sí òpó iná. Dírẹ́bà yọ orí síta, ó ka ìwé náà láti òkè, ó dé ibi orúkọ tó wà nísàlẹ̀, ó tún un kà. Ó wo Ràdíátù. Lẹ́yìn náà ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì pa á.